Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Ni Màmá Máa Ń Kì

Pínnì gún Aago láyà nígbà tó ń so nọ́ńbà mọ́ aṣọ eré rẹ̀, kò sì mọ̀. Ó so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fọwọ́ tẹ́ bébà náà kó má baà máa fẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọ bàtà oníṣòó tó fi ń sáré. Ẹ̀jẹ̀ ti yọ roboto sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ rèé."

Tẹ́ẹ́rẹ́ ló sọ ọ́, láti orí bẹ́ǹṣì tó wà ní òdìkejì yàrá ìmúra. Aago wo àyà ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo aṣọ ẹlòmíì lórí okùn. Ó tú pínnì náà, ó tún un so.

"Kò dùn mí," ni ó wí.

"Báwo ni kò ṣe ní dùn yín?"

"Mo ní kò dùn mí."

Tẹ́ẹ́rẹ́ dojú kọ okùn bàtà tirẹ̀, ó ń so ó, ó ń tú u, ó tún ń so ó.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Màmá ni ara Aago ti rí báyìí. Omi gbóná àti omi tútù, ọ̀kan náà ni. Àwọn èèyàn ń wá kí i, ó ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, a dúpẹ́," bí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Nídìí sàréè, àbúrò Màmá kan wojú rẹ̀ títí, kò rí ohun tó ń wá níbẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé omi ò sí lójú ẹ ni?"

"Ó wà, mà. Kò kàn tíì wá ni."

Àwọn tó dúró nítòsí fọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun dápàárá.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá ìmúra. "Ṣé ẹ ti wọṣọ tán?" Kóòṣì ti wọlé kí wọ́n tó dáhùn, ó fi fìlà bojú, ó ń fẹsẹ̀ wá ọ̀nà.

"Ẹ ṣí ojú yín, sà, a ti wọṣọ," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, afẹ́fẹ́ ti sùn! Òòrùn náà ti rọlẹ̀. Bí ẹ bá ní kí Ọlọ́run fọwọ́ ara rẹ̀ yan ọjọ́ eré, irú èyí ló máa yàn." Ó yíjú sí Aago. "Aago, ìwọ ni mo gbójú lé. O mọ iṣẹ́ ẹ?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Kí n máa sáré níwájú Tẹ́ẹ́rẹ́, kí ìyípo kan má yàtọ̀ sí èkejì. Tí ìyípo kẹẹ̀ẹ́dógún bá pé, kí n yà sórí koríko."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, mo ti yà."

Kóòṣì wò ó díẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó sì jáde.

Iṣẹ́ aṣíwájú eré nìyẹn. Bí ẹni tó gbé fìtílà síwájú àlejò ló rí: á mọ́lẹ̀ fún un dé ẹnu ọ̀nà, á sì padà sínú ilé. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Aago. Kì í yá jù, kì í falẹ̀ jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣì. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Aago nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tó mú kí tòní ṣòro ni pé rékọ́ọ̀dù tí Tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ fọ́, ti Aago ni. Kò sí obìnrin mìíràn nílẹ̀ náà tó tíì sáré ìyípo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn yá tó o. Ó ti di rékọ́ọ̀dù náà mú pẹ́ débi pé àwọn ọmọdé tó ń sáré báyìí rò pé orúkọ pápá ni orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Kóòṣì wá bá a nílé láti bẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń yí ọ̀rọ̀ náà po. Ó sọ ti òjò, ó sọ ti bàtà, ó tiẹ̀ béèrè aládùúgbò kan tó ti kó lọ, kó tó wá sọ pé, "Kò sí ẹni tó lè ṣíwájú fún Tẹ́ẹ́rẹ́, àfi ìwọ." Aago ní, "Ó dáa." Ó yá jù fún Kóòṣì. Ó ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, kò sì fẹ́ kó ṣòfò, ló bá jókòó, ó ń bẹ ẹni tó ti gbà. "Orúnkún rẹ̀ ò ní gba ọdún mìíràn, dókítà ti sọ ọ́. Kò sí ìgbà míì mọ́. Ìdíje yìí nìkan ló kù fún un." Aago tún ní, "Mo ní ó dáa, sà." Ì bá ní òun ò ṣe, bákan náà ló máa rí lára rẹ̀.

Aránṣọ ni Màmá. Aago ni ọmọ tó bí. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọmọ tí wọ́n mú wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ kò tíì ga ju tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ lọ. Bí Màmá bá rán an lọ ra òwú, á ti jáde, á ti dé, ọwọ́ rẹ̀ á sì ṣófo. "Mi ò tíì sọ àwọ̀ tán!" ni Màmá máa ń pariwo. "Ta ló ń lé ẹ?" Báyìí ni eré ṣe wọ ilé wọn. Láràárọ̀, kí maṣíìnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, Màmá á gbé ọwọ́ kan lé orí Aago, á gbé èkejì lé orí Tẹ́ẹ́rẹ́, á ní, "Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n ṣubú." Àdúrà náà kì í gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bẹ̀bẹ̀ rí pé kí ẹnì kan borí èkejì.

Lọ́jọ́ eré, Màmá kì í jókòó láàárín àwọn òǹwòran. Ibi kọ́nà ìgbẹ̀yìn, níbi tí ọ̀nà ti ń tẹ̀ kó tó nà tàrà lọ sí òpin eré, ló máa ń dúró sí, lẹ́yìn irin, pẹ̀lú tépù ìwọn-aṣọ lọ́rùn. Bí ìyípo ìkẹyìn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kì. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń kì. Ẹni tó wà lẹ́yìn ni.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì máa ń wà lẹ́yìn.

Gbogbo ìgbà tí Aago borí, oríkì ẹlòmíì ló ń gbọ́ lẹ́yìn ara rẹ̀. Ọmọ tí Màmá bí ń lọ níwájú, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni ó ń kì. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣẹ́ etí aṣọ, ó fẹ́ béèrè. Ó tiẹ̀ ti ní, "Màmá." Ṣùgbọ́n pínnì kún ẹnu Màmá, ó kàn mi orí pé kí ni. Aago ní, "Kò sí." Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dá Màmá dúró sílé. Tẹ́ẹ́rẹ́ gbìyànjú rékọ́ọ̀dù náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà yẹn. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ló sáré bí iná dé kọ́nà yẹn, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe bí ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n pè tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Á wo ẹ̀gbẹ́ irin. Ìwò yẹn nìkan ti tó. Kóòṣì rò pé èémí ni kì í tó o mọ́. Aago mọ ohun tó jẹ́, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n yìnbọn, eré gbéra.

Aago bọ́ síwájú kí wọ́n tó dé kọ́nà àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbọ́ bàtà Tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kíkẹ́, kíkẹ́, kíkẹ́, bí abẹ́rẹ́ maṣíìnì tó ń wọ aṣọ líle. Àwọn yòókù ń jìnnà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá bá, wọ́n ń kọjá lára wọn. Ọmọbìnrin kan tó sanra díẹ̀, tí èémí ti pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, pariwo bí wọ́n ṣe ń kọjá, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ tiẹ̀ kí èèyàn kí ẹ tó kọjá!"

"O kú eré o!" ni Tẹ́ẹ́rẹ́ dáhùn.

"Ẹ bá mi kí wọn níwájú!"

Aago gbọ́ ẹ̀rín Tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dára kéèyàn rẹ́rìn-ín nínú irú eré báyìí. Ara Tẹ́ẹ́rẹ́ tú nìyẹn. Ó rò ó bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.

Ó rí pátákó tí wọ́n fi ń ka ìyípo. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń yí i, ahọ́n rẹ̀ máa ń yọ síta nígbàkigbà tó bá fẹ́ yí i. Aago ń rí ahọ́n náà. Kò rí nọ́ńbà. Koríko kọjá, irin kọjá, àga àwọn òǹwòran kọjá, koríko tún kọjá. Ohùn kan ń pariwo, "Yà! Aago, yà!" Ó gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹni tó ń pe ọmọ ẹ̀ lójú pópó. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ni Kóòṣì ń pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí lẹ́yìn rẹ̀. Èémí ti ń gé ọ̀rọ̀ náà. "Ó ti pé. Ẹ yà."

Mo gbọ́, ni Aago wí nínú ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yà. Ó wo orí koríko níbi tó yẹ kó yà sí. Koríko lásán ni, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Bí òun bá yà, ibo ni òun ń lọ? Nílé, maṣíìnì wà lábẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi bò ó. Ó ń sáré lọ.

Ariwo àwọn òǹwòran ti yí padà. Àwọn kan ń hó, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́. "Kò fẹ́ fi í lẹ̀!" ni ẹnì kan kígbe. "Obìnrin náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á!" Òfin ò ní kó yà o, bí aṣíwájú bá fẹ́ sáré parí, kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, èrò kan wá sọ́kàn Aago tó dà bí èrò: ó ṣì lè jẹ́ tèmi. Ẹsẹ̀ ń bẹ, èémí ń bẹ. Ó wo èrò náà bí wọ́n ṣe ń wo bàtà nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀, kíkẹ́, kíkẹ́, Tẹ́ẹ́rẹ́ kò pè é mọ́.

Agogo ìyípo ìkẹyìn dún.

Wọ́n sáré kọjá kọ́nà àkọ́kọ́. Wọ́n sáré kọjá lódìkejì pápá, níbi tí àwọn òǹwòran kò pọ̀ sí. Nígbà náà ni kọ́nà ìgbẹ̀yìn yọ níwájú wọn, Aago sì rí ẹ̀gbẹ́ irin náà. Ọkùnrin kan ló dúró síbi tí Màmá máa ń dúró sí. Ó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó kẹ̀yìn sí eré.

Lẹ́yìn rẹ̀, kíkẹ́ náà ṣì. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, ó tún ṣì.

Aago kò yíjú padà. Kò sí ohun tó fẹ́ rí. Ó ti mọ ibi tí ojú Tẹ́ẹ́rẹ́ wà. Ohùn kan ló yẹ kó wà nínú afẹ́fẹ́ yìí, kò sì sí níbẹ̀, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé àpótí kúrò nínú yàrá tí ojú ibẹ̀ sì funfun ju ibi yòókù lọ. Kò pinnu nǹkan kan. Ẹnu rẹ̀ là, èémí tó yẹ kó fi sáré dé òpin sì jáde gba ibẹ̀.

"Tẹ́ẹ́rẹ́ ọmọ mi!
Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, a-gba-inú-aṣọ-má-fà-á-ya!
A-sáré-ra-òwú-gbàgbé-àwọ̀!
Ilẹ̀ ò tíì mọ̀ pó o tẹ òun, o ti gbẹ́sẹ̀!
Má wo ibí, ọmọ mi, iwájú lọ̀nà wà!"

Kò jọ ohùn Màmá. Ó dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi òróró sí. Ọ̀rọ̀ kan ń jáde, èémí ń gbé èkejì mì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pé, kò fo ọ̀kankan. Ọkùnrin onífóònù yíjú padà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Aago kò rí ẹ̀yìn Tẹ́ẹ́rẹ́ nínú eré rí. Apá òsì rẹ̀ ń yà síta díẹ̀, bí ẹni tó ki nǹkan sí abíyá. Pínnì kan ti tú níbi nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, igun bébà náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó ń jìnnà. Ọ̀nà náà gùn láti ibí. Ó gùn ju bó ṣe máa ń rí lójú ẹni tó wà níwájú lọ. Ìgbà yẹn ni Aago mọ̀ pé òun ni ó wà lẹ́yìn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé òun. Kò mọ ìgbà tó fetí sílẹ̀. Ariwo kún pápá láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tó dé òpin eré, wọ́n ti ń gbé Tẹ́ẹ́rẹ́ sókè. Ẹ̀rọ ti kọ ọ́ síta ní lẹ́tà ńláńlá pé rékọ́ọ̀dù ti fọ́.

Kóòṣì bá a níbi omi. Fìlà rẹ̀ ti bọ́, kò mọ ibi tó wà. "Mo ní kó o yà! Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Àyà mi já títí, mo rò pé o fẹ́ gba nǹkan náà mọ́ ọn lọ́wọ́!" Ó nu ojú rẹ̀. "Aago, ṣé o mọ̀ pé ìwọ náà sáré kọjá rékọ́ọ̀dù ẹ àtijọ́? Ìwọ tí mo ní kó o yà!"

"Ó dáa, sà."

"Ó dáa, ó dáa! Ọ̀rọ̀ míì ò sí lẹ́nu ẹ ni?" Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀ kó tó lọ wá fìlà.

Yàrá ìmúra ti ṣófo nígbà tí Tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé. Ó ti sunkún lójú gbogbo èèyàn, ojú rẹ̀ wú. Ó jókòó ti Aago lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kò jókòó sí òdìkejì. Omi ń kán nínú ilé ìwẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí. "Gbogbo rẹ̀ pátá."

"Ta ló wà láàárín ìwọ àti Màmá tí wọ́n bá ń kì ẹ́? Èmi ni. Etí mi ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ." Aago ń tú okùn bàtà rẹ̀. "Mo máa ń rò pé ìwọ ni wọ́n fẹ́ràn jù."

"Èmi?"

"Ìwọ ni wọ́n ń kì."

Tẹ́ẹ́rẹ́ yíjú sí i pátápátá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ rò pé wọ́n ń kì lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn?"

Ọwọ́ Aago dúró lórí okùn. Lọ́sẹ̀ tí Màmá kú, òun wà ní ibùdó ìgbaradì lọ́nà jíjìn. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nílé. Nígbà tí wọ́n pè é, ó ti parí.

"Wọn ò dá èèyàn mọ̀ dáadáa mọ́," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí. "Mò ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń kì yín. Mò ń fún wọn lómi, wọ́n ń kì yín. Kì í ṣe èyí tí àwọn èèyàn pápá ń pè yín o. Tiyín gan-an ni, ó gùn, mi ò gbọ́ ọ rí. Lọ́jọ́ kan inú bí mi. Mo ní, 'Màmá, èmi ni mo wà níbí, ẹ wò mí.' Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, 'Mo mọ̀. Ìwọ ti dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.'"

Aago jẹ́ kí okùn bàtà náà bọ́.

"O ò sọ fún mi."

"Mo jowú, Ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò sunkún. Mo ní bóyá ẹ ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan."

Aago fẹ́ bọ́ nọ́ńbà kúrò láyà. Ìka rẹ̀ kan ibi tí pínnì ti gún un kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó sì fà á padà kíákíá. Ó tún fọwọ́ kàn án, díẹ̀díẹ̀. Ó dùn ún. Ó dùn ún dáadáa, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún un. Ó di ibẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó tẹ orí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan orúnkún.

"Mi ò mọ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ," ni ó wí látinú ibẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti tutù bí aṣọ tí wọn kò tíì fún. "Tẹ́ẹ́rẹ́, jọ̀ọ́. Kì mí."